Mo ń gbé sìmẹ́ńtì lójoojúmọ́, àṣé ẹ̀yìn mi ò lágbára

Ọ̀kun o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ó ti pẹ́ táwọn kan ti ń bi mí pé báwo lẹ̀yìn mi ṣe sàn, torí wọ́n rí mi nígbà tí mò ń rìn bí ẹni tó ru ẹyin, wọ́n sì tún ń rí mi lórí sáìtì báyìí, mo wá ní kí n kúkú jókòó kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bó ṣe bẹ̀rẹ̀, gbogbo ìranù tí mo ṣe, owó tí mo ná dànù, àti ohun tó wá ṣiṣẹ́. Ó máa gùn díẹ̀ o.

Bíríkìlà ni mí, Kábà ni mò ń gbé, mo sì ń dáko iṣu díẹ̀ lọ́nà Ìyàrá. Ọmọ ọdún 41 ni mí nígbà tọ́rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2021. Mi ò ṣubú, ọ̀kadà ò gbá mi. À ń já sìmẹ́ńtì lọ́jọ́ náà, báàgì kan 50 kílò, mo ti gbé bíi mẹ́rìnlá láìsí wàhálà, ìkẹẹ̀ẹ́dógún ni mo tẹ̀ mọ́ tí nǹkan kan já kẹ́ nísàlẹ̀ ẹ̀yìn mi lápá òsì. Kò tiẹ̀ dùn mí púpọ̀. Mo kó ìyókù tán, mo lọ sílé, mo jẹun, mo sùn. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni mi ò lè wọ ṣòkòtò. Mo dúró, mo fẹ́ gbé ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ ò gbé, ìyàwó mi ló wá bá mi wọ̀ ọ́ bí ẹni ń múra fọ́mọ jẹ́léósinmi, àwọn ọmọ sì dúró lẹ́nu ọ̀nà wọ́n ń wò wá. Mo rò pé ọjọ́ mẹ́ta ló máa jẹ́. Ó di ọdún kan, ó tún fẹ́rẹ̀ẹ́ di méjì.

Ẹ kúkú mọ̀ ọ́n nílé wa, ọkùnrin tó bá ti di ẹ̀yìn mú, jẹ̀díjẹ̀dí ló ń ṣe é, kò sẹ́ni tó ń béèrè nǹkan míì. Wọ́n ní kí n jáwọ́ nínú ṣúgà, mo jáwọ́. Wọ́n ní kí n mu àgbo olọ́tí, mo mu ún títí ojú mi fi ń pọ́n, débi pé ọ̀gá kan tí mò ń kọ́lé fún pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó rọra ń bi mí bóyá mo ti ń mutí láàárọ̀. Ìyé mi, ìyẹn màmá mi, ní tiẹ̀ ní làkúrègbé ni, pé ó ṣe bàbá mi náà, alaalẹ́ ló ń fi omi gbígbóná àti òrí wọ́ ọ fún mi. Mi ò ní purọ́, ọwọ́ Ìyé mi dùn, màá sùn dáadáa lóru yẹn, ṣùgbọ́n tílẹ̀ bá ti mọ́ ẹ̀yìn á tún padà sídìí iṣẹ́ ẹ̀.

Kẹ́mísìtì ló wá fẹ́ pa mí. Ẹni yẹn máa ń bu oríṣi oògùn mẹ́rin márùn-ún sínú ọ̀rá kékeré, á ní kí n lò ó láàárọ̀ àti lálẹ́, kò sì ní sọ orúkọ ìkankan nínú ẹ̀. Kò ní tó wákàtí kan, ara á ti balẹ̀. Mo lò ó fún oṣù mẹ́rin. Ojú mi wú, àwọn èèyàn ń sọ pé mo ti sanra, pé ó jọ pé owó ti ń wọlé, inú sì ń ta mí bí ata tí mi ò bá tíì jẹun. Ìgbà tí mo dé ọ̀dọ̀ dókítà ló tú ọ̀rá yẹn sórí tábìlì, ó fi bírò ya wọ́n sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó ní èyí tó kéré wẹ́rẹ́ yìí dexamethasone ni, pé òun ló wú ojú mi, ó máa ń gbé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sókè, tó bá sì pẹ́ lára ó máa ń sọ eegun di ẹlẹgẹ́. Ó tún ní ẹni tó ti lò ó pẹ́ ò gbọdọ̀ ṣàdédé já a, wọ́n máa ń dín in kù díẹ̀díẹ̀ ni, bó ṣe bá mi ṣe é náà nìyẹn. Diclofenac àti piroxicam, oògùn ìrora, ló wà nínú ìyókù, iṣẹ́ kan náà làwọn méjèèjì ń ṣe, kò yẹ kéèyàn pa wọ́n pọ̀ lò rárá, àwọn ló ń ha inú mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ń ra oògùn ẹ̀yìn nínú ọ̀rá tí ò lórúkọ, kó lọ fi han dókítà. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí inú ń bí mi.

Ṣùgbọ́n oògùn kọ́ ló bà mí jẹ́ jù. Ìsinmi ni.

Gbogbo ẹni tó wá kí mi ló ń sọ ọ́: sinmi, má gbé nǹkan, má tẹ̀, má gun ọ̀kadà. Mo ra bẹ́líìtì ẹ̀yìn ₦15,000, èyí tó ní irin pẹlẹbẹ nínú, mo ń dè é láàárọ̀ di alẹ́, mo tiẹ̀ ń dè é sùn. Oṣù méje gbáko ni mi ò fọwọ́ kan ṣọ́bìrì. Àwọn ọmọ iṣẹ́ ń lọ sáìtì, mò ń fi fóònù darí wọn, wọ́n ń mọ ògiri wọ́ mi lọ́wọ́. Ìyàwó mi ló ń pọnmi, ọmọkùnrin mi ló ń bá mi mú bàtà. Ẹ wá gbọ́ o, nígbà tí oṣù méje pé, ẹ̀yìn ò sàn, èmi ló rọ. Kẹ́tùlù omi lásán, kí n tó gbé e mo máa ń kọ́kọ́ sé èémí.

Ohun tó tún dẹ́rù bà mí ni x-ray. Ẹni tó kà á fún mi, ní ibì kan tí mi ò ní dárúkọ, wò ó fìrí, ó ní "eegun ẹ̀yìn yín ti ń jẹ." Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òjò máa rọ̀. Èmi tí mo jẹ́ ẹni tó ń kọ́lé, ikán ló sọ sí mi lọ́kàn. Mo mọ bí pákó tí ikán ti jẹ ṣe ń rí, á dúró, á dà bíi pé nǹkan kan ò ṣe é, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá gbé nǹkan lé e ló máa dà wó. Láti ọjọ́ yẹn mi ò tẹ̀ mọ́. Tí náírà bá jábọ́ lọ́wọ́ mi màá fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, màá máa wo ọ̀nà ọmọ tó máa kọjá tó máa bá mi mú un. Lẹ́yìn ìyẹn mo lọ ṣe MRI, àwòrán tí wọ́n fi ń wo inú ara, l'Ábújá pẹ̀lú owó kọ̀ọpù, wọ́n ní dísìkì, ìyẹn tìmùtìmù tó wà láàárín eegun ẹ̀yìn, èyí tó wà láàárín L4 àti L5, eegun kẹrin àti ìkarùn-ún nísàlẹ̀ ẹ̀yìn, ti yọ síta díẹ̀. Ẹnì kan ti ń dárúkọ iṣẹ́ abẹ.

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ló ní kí n tó gbà kí wọ́n la ẹ̀yìn mi, kí n lọ rí àwọn fisiọ, àwọn tó ń fi ẹ̀sásáìsì wo ara, ní Lọ́kọ́ja. Oṣù kejì ọdún 2023 ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ọ̀nà Ọbajánà yẹn, tírélà sìmẹ́ńtì síwájú, tírélà sìmẹ́ńtì sẹ́yìn, gbogbo kòtò tí mọ́tò bá já sí ni mò ń pariwo Jésù, mo ní ìwọ sìmẹ́ńtì yìí, o dá mi lẹ́yìn dé, o tún ń bá mi du ọ̀nà ọsibítù.

Ọmọbìnrin kékeré ni wọ́n ní kí n rí. Mo wò ó, mo ní kí ni èyí fẹ́ ṣe fún mi. Kò tiẹ̀ wo MRI ní àkọ́kọ́, ìbéèrè ló ń bi mí. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ìtọ̀ yín ń jáde dáadáa? Ṣé kì í dà lára yín láìmọ̀? Ṣé ìdí yín àti àárín itan, níbi tẹ́ ẹ fi ń jókòó lórí ọ̀kadà, ò kú tipiri? Ṣé ẹsẹ̀ kan ò máa wọ́? Ṣé ẹ̀ ń rù láìnídìí, àbí ibà ń mú yín lóru?" Mo ní rárá sí gbogbo ẹ̀. Ó ní ó dáa, torí ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn tí ìtọ̀ ò wá jáde mọ́ tàbí tí àárín itan ẹ̀ kú, kì í ṣe ọ̀dọ̀ òun ló ń bọ̀, ọjọ́ yẹn gan-an ló gbọ́dọ̀ wọ pàjáwìrì, kò gbọdọ̀ di ọ̀la. Ó gbé ẹsẹ̀ mi sókè níkọ̀ọ̀kan, ó ní kí n fi gìgísẹ̀ rìn, kí n fi ọmọ ìka rìn.

Ìgbà yẹn ló wá mú MRI. Ó ní òun ò ní sọ pé irọ́ ni, dísìkì ọ̀hún yọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n lọ́dún 2015 àwọn dókítà kan kó ìwádìí jọ lórí èèyàn 3,110 tí ẹ̀yìn ò dùn rárá, tí wọ́n ya àwòrán ẹ̀yìn wọn. Lára àwọn ọmọ ogún ọdún, nǹkan bíi 30 nínú 100 ni dísìkì ti yọ, ara wọn sì le. Lára àwọn ẹni 80 ọdún ó tó 84. Ó ní ó dà bí ewú orí àti ojú tó ń hun, pé tá a bá ya àwòrán gbogbo ọkùnrin tó wà ní gáréèjì, á rí i lára ọ̀pọ̀ wọn. Mo ní "kò sí ikán níbẹ̀?" Kò mọ ohun tí mò ń sọ, mo ṣàlàyé fún un, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ gíláàsì ojú ẹ̀.

Ó wá ní kí n dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí n fi ìgbọ̀nwọ́ tẹlẹ̀, kí n gbé ìdí kúrò nílẹ̀ kí ara mi dúró gbọọrọ, òun ń ka ìṣẹ́jú àáyá. Mo ní ṣé ìyẹn náà ni. Apá ọ̀tún, 19. Apá òsì tó ń dùn, mo dé 6, gbogbo ara mi ń gbọ̀n bí ewé, mo wó lulẹ̀. Ẹ gbà mí, èmi tí mò ń fi orí ru búlọ́ọ̀kù gun òkè ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì! Ojú tì mí. Mo ní "àǹtí dókítà, iṣẹ́ agbára ni mò ń ṣe láti kékeré." Ó ní "ẹ̀gbọ́n, iṣẹ́ kì í ṣe ẹ̀sásáìsì." Ó ní iṣẹ́ ń lo ara, ojú ibì kan náà ló ń lò lójoojúmọ́, apá, èjìká, iwájú itan, kì í bi yín bóyá ó ti tó, kì í fún yín láyè kí ara tún ara ṣe. Pé ẹ̀sásáìsì ní ìwọ̀n, ẹ máa mọ iye tẹ́ ẹ ṣe lónìí, ẹ máa fi díẹ̀ kún un lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ máa sinmi, àárín ìsinmi yẹn ni iṣan ti ń le. Àti pé oṣù méje tí mo fi bẹ́líìtì gbé ara, ìwọ̀nba tó wà níbẹ̀ náà ti rọ̀ dànù.

Ọ̀rọ̀ iṣan yìí náà kọ́kọ́ da èmi àti ẹ̀ rú o. Nínú èdè wa, iṣan ni ibi tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà, iṣan ni èyí tó ń gbé ìrora lọ sórí, iṣan náà ni ẹran tó ń fà. Nígbà tó ní iṣan mi ló rọ, mo rò pé ọ̀rọ̀ rọpárọsẹ̀ ló ń sọ. Ó ní rárá, ẹran, ẹran tó so mọ́ eegun ẹ̀yìn lọ́tùn-ún lósì, tó yí ikùn ká, àti ẹran ìdí. Èmi wá túmọ̀ ẹ̀ sí ti iṣẹ́ mi: irin òpó tá a bá nà ró kí kọnkéré tó wọ̀ ọ́, irin mẹ́rin gbọọrọ, tẹ́ ẹ ò bá fi òrùka irin sí i tẹ́ ẹ ò sì fi waya dè é, afẹ́fẹ́ lásán á máa jù ú síwá sẹ́yìn. Eegun ni irin, ẹran ni òrùka àti waya. Waya tèmi ti tú. Ó ní òun máa jí àlàyé yẹn lò.

Mẹ́ta ló kọ́kọ́ fún mi. Ó ní ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní yunifásítì Waterloo ní Kánádà, Stuart McGill, ló to mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Àkọ́kọ́, bird dog: ẹ máa rá bí ọmọ, ẹ na ọwọ́ ọ̀tún síwájú, ẹsẹ̀ òsì sẹ́yìn, ẹ̀yìn ò gbọdọ̀ mì, ẹ ka 8 tàbí 10, ẹ sọ̀ ọ́, ẹ yí i padà. Èkejì, ìdùbúlẹ̀ ẹ̀gbẹ́ yẹn, ṣùgbọ́n orúnkún ni kí n fi tẹlẹ̀ ná, kì í ṣe ẹsẹ̀. Ẹ̀kẹta, ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀, ẹ tẹ orúnkún kan, ẹ fi ọwọ́ sábẹ́ ẹ̀yìn, ẹ gbé orí àti èjìká díẹ̀ péré kúrò nílẹ̀, kì í ṣe kéèyàn jókòó dìde fààfàà bí sójà. Ó fi gbígbé ìdí sókè láti ilẹ̀ kún un, àti ìrìn, ogún ìṣẹ́jú láàárọ̀, ẹ yára díẹ̀. Ó ní kí n tú bẹ́líìtì. Ìyẹn ló le jù fún mi, ó dà bíi pé wọ́n ní kí n jáde níhòòhò.

Mo bi í pé tó bá ń dùn mí ń kọ́? Ó ní kí n fún un ní máàkì láti òdo dé 10. Tó bá wà ní 3 tàbí 4, tó sì ti padà sí bó ṣe wà kílẹ̀ tó mọ́, kí n máa lọ. Tó bá ju ìyẹn, tàbí tó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sínú ẹsẹ̀, kí n dín in kù. Dín in kù o, kò ní kí n dá a dúró.

Àárọ̀ àkọ́kọ́ tí mo rá nílẹ̀ ní pálọ̀, Ìyé mi wọlé, ó wò mí títí, ó ní "ṣé àdúrà lò ń gbà ni?" Mo ní ẹ̀sásáìsì ẹ̀yìn ni. Ó ní tó bá jẹ́ rírá ló ń wo ẹ̀yìn sàn, kò yẹ kí ọmọ ọwọ́ máa sunkún. Àwọn ọmọ mi ni wọ́n ń bá mi ka òǹkà, wọ́n sì ń ja òǹkà, wọ́n á ní mẹ́rin, márùn-ún, mẹ́jọ, kí n lè tètè ṣe tán ká lọ jẹun.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, mi ò rí nǹkan kan, kí n má parọ́. Ìrora ṣì wà níbẹ̀, oorun nìkan ló dáa díẹ̀. Mo fẹ́ jáwọ́. Ọ̀sẹ̀ kẹrin ni mo ṣàdédé rí i pé mo ti mú bàtà mi láti abẹ́ bẹ́ẹ̀dì kí n tó rántí pé mi ò kì í tẹ̀. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú bàtà lọ́wọ́.

Ọ̀sẹ̀ kẹfà ó ní kí n máa gbé nǹkan. Ó kọ́kọ́ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń tẹ̀, igi mọ́ọ̀pù lẹ́yìn mi, kó kan orí, kó kan ẹ̀yìn, kó kan ìdí, kí n ti ìdí sẹ́yìn bí ẹni fẹ́ fi ìdí ti ilẹ̀kùn, igi ò gbọdọ̀ kúrò níbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nígbà tó yé mi, ó ní kí n wá ohun tí màá máa gbé. Mo ní kò sí jíìmù tó sún mọ́ mi, ó ní ṣé ẹ ní gálọ́ọ̀nù? Lítà omi kan kílò kan ni. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, lítà 10 nínú gálọ́ọ̀nù onílítà 25, ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ, sinmi, ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ, sinmi, ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì méjì ni mò ń bu lítà mélòó kan sí i. Mo fi bírò kọ ọ́ sára ògiri ìdáná, ìyàwó mi bínú títí.

Ọ̀sẹ̀ kẹwàá ni mo wá hùwà ọ̀dẹ̀. Ìrora ti lọ sílẹ̀ pátápátá, mo fi ẹ̀sásáìsì sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, mo padà sí sáìtì, wọ́n ń da dẹ́kìn lọ́jọ́ náà, mo ní kí àwọn ọmọ iṣẹ́ wò mí, mo bá wọn gbé páànù kọnkéré láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ẹ mọ̀ ọ́n. Ilẹ̀ mọ́, ṣòkòtò tún di wàhálà. Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn, mo ní asán ni gbogbo ẹ̀. Mo pè é, ó tún bi mí ní ìbéèrè ìtọ̀ àti ti ẹsẹ̀ yẹn, ó ní "ẹ̀gbọ́n, kò sóhun tó já. Ẹ fún ara ní ohun tí kò retí ni. Ẹ rìn díẹ̀ lónìí, ẹ ṣe ìdajì ẹ̀sásáìsì lọ́la, ẹ má wọ bẹ́líìtì, ẹ má sùn ti bẹ́ẹ̀dì." Tẹ́lẹ̀ ìrora báyìí ń gba oṣù méjì lọ́wọ́ mi. Ọjọ́ márùn-ún ló gbà lọ́tẹ̀ yìí. Èmi o, ọjọ́ márùn-ún yẹn ló jẹ́ kí n gbà gbọ́, kì í ṣe ìgbà tí ara ń yá.

Lópin ọdún 2023 yẹn, mo kà á lórí fóònù pé àjọ ìlera àgbáyé, WHO, gbé ìlànà jáde lóṣù kejìlá lórí ẹ̀yìn dídùn tó ti pẹ́ lára, pé ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn dídùn lápapọ̀ ṣe èèyàn mílíọ̀nù 619 lágbàáyé lọ́dún 2020. Ẹ̀sásáìsì àti àlàyé tó yé aláìsàn wà nínú ohun tí wọ́n ní kí wọ́n máa fún èèyàn. Bẹ́líìtì ẹ̀yìn wà lára ohun tí wọ́n ní kí wọ́n má máa fúnni. Mo fi ránṣẹ́ sí ẹni tó tà á fún mi, ó kà á, kò fèsì.

Bó ṣe rí báyìí nìyí. Mi ò ní sọ pé kò dùn mọ́ rárá. Tí mo bá gba ọ̀nà Lọ́kọ́ja lọ gba ibẹ̀ bọ̀ lọ́jọ́ kan náà, ẹ̀yìn á dùn mí lálẹ́, máàkì 2, tílẹ̀ bá mọ́ ó ti lọ. Ẹ̀gbẹ́ òsì tó ń ka 6, ó ti ń ka 48. Gálọ́ọ̀nù méjì tó kún, ọ̀kan lọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀kan lọ́wọ́ òsì, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá. Iṣẹ́ abẹ, kò sẹ́ni tó dárúkọ ẹ̀ mọ́. Sìmẹ́ńtì, mò ń gbé e, ṣùgbọ́n mi ò bá ẹnikẹ́ni figagbága mọ́, bárò ló ń gbé èyí tó pọ̀, a sì ń pín in láàárín ara wa. Lóṣù kẹrin tó kọjá mo kọ ebè fúnra mi lóko Ìyàrá, 40 lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo dúró níbẹ̀ torí 40 ni mo ti pinnu, bẹ́ẹ̀ agbára ṣì wà. Ìyé mi tó wà lábẹ́ igi kajú ní kí ló dé tí mo dúró, ṣé ẹ̀yìn náà ni. Mo ní rárá, ìwọ̀n tòní ló pé.

Bẹ́líìtì ₦15,000 yẹn ṣì wà o. Ó lágbára gan-an. Òun la fi ń de gálọ́ọ̀nù mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà tá a bá ń lọ pọnmi.